Ta Ló Ń Fi Áyọ́ọ̀nù Lọ Èrè Báńkì?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onípìn-ín kéékèèké sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyí. Mo tún un tò díẹ̀, mo sì yọ àwọn àwàdà tí kò ṣe é kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru náà. Alága ti sọ fún mi pé epo inú jẹnẹrétọ̀ ò lè kọjá agogo méjì, nítorí náà n ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Balógun ni mo gbà wá síbí. Mo yà lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta léèsì, a ti mọra tipẹ́. Mo ní, "Ìyá, ọjà ńkọ́?" Ó ní, "Ọ̀gá, ní Disẹ́ḿbà n ò ráyè jẹun. Láti ìgbà tí a ti wọ Jánúárì, eṣinṣin ni mò ń lé." Bí ọjà ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọdún yìí á dùn, èyí tó ń bọ̀ á korò díẹ̀. Ẹ wá kọjá láti ibẹ̀ sí Marina, níbi tí ilé gogoro àwọn báńkì wà. Ẹ bèèrè ìwé ìṣirò ọdún márùn-ún lọ́wọ́ báńkì tí ẹ ní ìpín níbẹ̀. Nínú àwọn kan, ẹ ó rí i pé èrè ọdún kìíní ga díẹ̀, ti ọdún kejì ga díẹ̀ sí i, ti ọdún kẹta náà ga díẹ̀ sí i, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Kò sí Jánúárì nínú ìwé wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni báńkì ń yá lówó? Oníléèsì ni, ẹni tó ń kó mọ́tò wọlé ní Àpápá ni, oníbíríkì ni. Bí ọjà àwọn tó yá owó bá ń lọ sókè-sódò, báwo ni èrè ẹni tó yá wọn lówó ṣe wá tẹ́jú bí agbádá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ dé?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò owó ń pe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ní income smoothing. Èmi á máa pè é ní èrè lílọ̀, bí a ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù kì í sọ ṣòkòtò di agbádá. Aṣọ náà ni aṣọ náà, ó kàn ń tẹ ibi tó hun pọ̀ mọ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde níbí kó lọ máa sọ pé mo ní olè ni gbogbo báńkì. Ẹni tó kọ èrè tí kò sí sínú ìwé, ọ̀daràn nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń lọ èrè, inú àyè tí òfin fún un ló ti ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mú.

Gbogbo yín lẹ mọ kóló, àpótí onígi tí a máa ń ju ṣéńjì sí. Báńkì náà ní kóló. Ibi tí wọ́n gbé e pamọ́ sí ni ìlà kan nínú ìwé ìṣirò: owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí gbèsè tó ṣeé ṣe kí ẹni tó jẹ ẹ́ má lè san. Tí báńkì bá yá èèyàn ẹgbẹ̀rún lówó, ó mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ò ní san. Kò mọ ẹni tí yóò jẹ́, kò sì mọ iye tí yóò jẹ́. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ díwọ̀n rẹ̀, kó yọ ọ́ kúrò nínú èrè ọdún náà. Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "díwọ̀n" yẹn gan-an ni áyọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti báńkì kankan. Lọ́dún kìíní, báńkì pa bílíọ̀nù 60 náírà kó tó yọ owó gbèsè. Gbèsè tó yẹ kó yọ jẹ́ 15. Èrè kù 45. Lọ́dún kejì, ọjà dùn, ó pa 90. Gbèsè tó yẹ kó yọ jẹ́ 20, ó yẹ kí èrè jẹ́ 70. Ṣùgbọ́n ọ̀gá báńkì wo ọ̀nà tó jìn. Ó ní, "Ẹ̀rù àwọn tó yáwó ń bà mí, ẹ yọ 42." Èrè tó jáde nínú ìwé di 48. Bílíọ̀nù 22 ti wọ kóló. Lọ́dún kẹta, ọjà bàjẹ́, báńkì pa 55 péré. Gbèsè tó yẹ kó yọ jẹ́ 25, ó yẹ kí èrè já sí 30. Ọ̀gá ní, "Àwọn tó yáwó ti ń sàn bọ̀, 5 ti tó." Èrè di 50. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni 45, 70, 30. Ohun tí ẹ̀yin kà nínú ìwé ìròyìn ni 45, 48, 50. Kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù níbẹ̀ o. Bílíọ̀nù 2 tó kù ṣì wà nínú kóló. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ra ìpín lópin ọdún kẹta, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ rà?

Mo ti fi ọwọ́ ara mi di áyọ́ọ̀nù yẹn mú rí. Mo kéré nígbà náà, mo wà ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní báńkì kan tí n ò ní dárúkọ. Oṣù Disẹ́ḿbà ni, gbogbo ilé iṣẹ́ ń rùn fún ìwé àti tíì. Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ tó ń ṣọ́ gbogbo báńkì, tí a ń tẹ̀ lé rọrùn láti há sórí: gbèsè tó bá kọjá ọjọ́ 90 láìsan, yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, tó bá kọjá 180, a ó kọ "iyèméjì" sí i, ká yọ ìdá 50, tó bá kọjá 360, ó ti lọ nìyẹn, ká yọ gbogbo rẹ̀. Oníbàárà wa kan ń kó ẹja oníyìnyín wọlé. Oṣù keje rèé tí a ti rí i kẹ́yìn. Mo kọ ìdá 50 sí i pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ọ̀gá mi yọ irésà nínú dúrọ́ọ̀, ó pa á rẹ́ jẹ́jẹ́, ó fẹ́ ìdọ̀tí irésà kúrò lójú ìwé, ó kọ 10. Ó ní, "Ọdún yìí ò gba 50. Ọkùnrin yẹn á san díẹ̀ lọ́la, a ó ka ọjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìyẹn kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí ọjà dùn. Ọ̀gá kan náà, irésà kan náà. Oníbàárà kan wà tó ń san owó rẹ̀ déédéé, kì í pẹ́, kì í yẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ "iyèméjì" síwájú orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin yìí ò jẹ wá ní nǹkan kan tó ti kọjá àkókò." Ó wò mí lókè gíláàsì rẹ̀. "Ṣé èmi ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ra ni?" Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìṣọ́ra náà lè jẹ́ irọ́.

Àwọn kan á ní ayé irésà ti lọ. Lóòótọ́, láti 2012 ni àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí pátákó ọjà ìpín wa ti ń lo ìlànà ìṣirò àgbáyé, nígbà tó sì di Jánúárì 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní IFRS 9 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlànà yẹn ní kí báńkì má dúró de ìgbà tí gbèsè bá bàjẹ́ kó tó yọ owó. Kó wo iwájú. Kó pín ẹ̀yáwó sí ìpele mẹ́ta: èyí tó dára, ká yọ àdánù tí a retí láàárín oṣù 12 péré, èyí tí ewu rẹ̀ ti pọ̀ sí i gan-an, ká yọ ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀yáwó náà, èyí tó ti bàjẹ́ pátápátá. Ó dára lójú mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú wíwo iwájú. Kọ̀ǹpútà máa ń bèèrè pé: èló ni dọ́là máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Èló ni epo rọ̀bì? Kí ni ìrètí rẹ pé nǹkan á burú, ṣé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni àbí 35? Èèyàn ló ń tẹ nọ́ńbà yẹn sí i. Tí ẹnì kan bá sún 20 di 35, bílíọ̀nù mélòó kan á wọ kóló kí tíì tó tutù. Irésà ò kú, ó kàn wọ inú kọ̀ǹpútà ni.

Áyọ́ọ̀nù míì wà o. Báńkì lè mú bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, èyí tó ti gbówó lórí, kó tà á ní oṣù tí èrè ò dára, kí èrè ọjà yẹn lè bo àṣírí. Ó lè ta ilé. Àmọ́ gbèsè ni baba wọn.

Kí ló wá ń sún wọn sí i? Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí èyí. Ọ̀nà kan tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Eckel ló ti jáde ní 1981: wọ́n á wo bí àyípadà èrè ṣe ń fò sókè-sódò sí bí àyípadà owó tó ń wọlé ṣe ń fò. Tí ti èrè bá kéré ju ti owó tó wọlé lọ, wọ́n á fura. Ìfura náà ni o, nítorí èrè ẹlòmíì tẹ́jú nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́jú ni. Wọ́n á wá bèèrè bóyá báńkì ńlá ń ṣe é ju kékeré lọ, bóyá ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn ń ṣe é ju ẹni tí kò jẹ gbèsè. Lórí ọ̀rọ̀ títóbi, ẹnu wọn ò kò. Èrò tèmi ni pé báńkì ńlá ní ojú púpọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, àmọ́ ó tún ní kóló púpọ̀, nítorí náà ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Èyí tó dá mi lójú nìyí. Ọ̀gá báńkì ní bónọ́ọ̀sì tó so mọ́ èrè. Tí èrè bá ti kọjá ibi tí bónọ́ọ̀sì parí sí, kí ló kàn án láti fi èyí tó lé hàn? Kó jù ú sí kóló di ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn ti ọ̀gá tó ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀gá tuntun máa ń gbálẹ̀. Ọdún tó bá wọlé, gbogbo gbèsè tí ìránù bá wà nínú rẹ̀ ló máa yọ lẹ́ẹ̀kan, èrè á wó lulẹ̀, á ní ẹni tó lọ ló fà á. Ẹni tó bá sì ti wó ilẹ̀ báyẹn, tó bá gun òkè díẹ̀ lọ́dún kejì, a ó pàtẹ́wọ́. Láti 2010 ni CBN ti ní ọ̀gá báńkì ò gbọdọ̀ lò ju ọdún 10 lọ. Òfin dára. Ẹ kàn máa fojú sí ọdún tí ọ̀gá bá pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ààlà tí CBN fà. Gbèsè tí wọn ò san kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀yáwó lọ. Owó ara báńkì tó lè gba ewu gbọ́dọ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀yáwó àti ohun ìní rẹ̀ tí a fi ewu wọ̀n, tàbí 15 fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun. Ẹni tó bá wà lẹ́bàá ààlà, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ rántí 14 Ọ́gọ́ọ̀sì 2009? CBN yọ ọ̀gá báńkì 5 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó da bílíọ̀nù 420 náírà sínú àwọn báńkì náà, nígbà tó di Ọkítóbà ó tún yọ 3 sí i. Gbèsè tí wọn ò yọ owó rẹ̀ tó ló kún ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ pàdánù ìpín nígbà yẹn ń mi orí, mo rí yín. Ọdún yẹn náà ni gbogbo báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í parí ọdún ní 31 Disẹ́ḿbà. Kó tó dìgbà yẹn, oṣù tó bá wu kálukú ló fi ń parí ọdún tirẹ̀, wọ́n sì máa ń yá ara wọn lówó kí ìwé lè kún lọ́jọ́ ìṣirò. Aṣọ àyálò nìyẹn, ọmọ ìyá èrè lílọ̀.

Ìjọba náà ń dá sí i láìmọ̀. Nígbà tí náírà já ní Okúdù 2023, àwọn báńkì tó ní dọ́là lọ́wọ́ kàn jí ní ọjọ́ kan wọ́n rí èrè ńlá nínú ìwé. Ní Sẹ̀tẹ́ḿbà, CBN ní wọn ò gbọdọ̀ fi í san owó ìpín fún onípìn-ín, wọn ò sì gbọdọ̀ fi í ná ìnáwó ilé iṣẹ́, kí wọ́n gbé e pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ẹ wò ó, CBN fúnra rẹ̀ ló ra kóló fún wọn! Nígbà tó sì di 2024, òfin jáde pé ìjọba á gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èrè dọ́là yẹn. Mi ò ní ìjọba ṣe burúkú. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá dán jù bá ń san owó lé e, ta ló máa fẹ́ dán lọ́dún tó ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ gbígbé owó báńkì sókè náà tún wà níbẹ̀: bílíọ̀nù 500 fún èyí tó ń dé òkè òkun, 200 fún ti ilẹ̀ wa, tí wọ́n fún wọn di 31 Máàṣì 2026. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín tuntun fún yín á kọ́kọ́ fọ ojú.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ áyọ́ọ̀nù jù nínú gbogbo wọn, mo fẹ́ kí ẹ má bínú sí mi, àwa onípìn-ín ni. Mo ti jókòó nínú ìpàdé ọdọọdún tó pọ̀. Ẹnì kan á dìde, á gba màíìkì, á kí alága, á kí ìyàwó alága, á ní, "Ní èṣín ẹ fún wa ní náírà kan. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ o!" Gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí èrè ṣe rí ní tòótọ́. Ọdún tí báńkì bá bọ́ sílẹ̀, tó sì sọ òótọ́, a ó ta ìpín wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní Customs Street, níbi tí ọjà ìpín wà. Ọdún tó bá lọ èrè fún wa, a ó gbàdúrà fún un. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń nà nígbàkúùgbà tó bá sọ pé òun fọ́ àwo, á kọ́ bí a ṣe ń kó àwo fífọ́ pamọ́. Ní Okúdù 2025, nígbà tí CBN ní kí báńkì tó ṣì wà lábẹ́ ìdáríjì lórí gbèsè, ìyẹn àwọn tí CBN gbà láyè láti má tíì yọ owó gbèsè kan bó ṣe yẹ, má san owó ìpín, ariwo tí a pa! N ò gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè pé kí ni wọ́n darí jì wọ́n.

Ẹnì kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ṣé kì í ṣe ọgbọ́n ni kéèyàn tọ́jú owó lọ́dún tó dùn de èyí tó korò. Ọgbọ́n ni. Sípéènì sọ ọ́ di òfin ní 2000, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún: nígbà náà, báńkì wọn gbọ́dọ̀ máa ya owó sọ́tọ̀ sí i nígbà tí ẹ̀yáwó bá ń pọ̀. Kóló tí gbogbo ayé mọ̀ ni, iye inú rẹ̀ wà nínú ìwé. Ti Amẹ́ríkà tún dùn ún gbọ́. Ní 1998, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín wọn bá báńkì kan tó ń jẹ́ SunTrust, ní Atlanta, wí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó tọ́jú owó gbèsè jù. Wọ́n ní kó tún ìwé ọdún 1994 sí 1996 ṣe, kó dín 100 mílíọ̀nù dọ́là kù nínú owó gbèsè tó yà sọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ báńkì binú, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ fi ń jẹ ẹni tó ṣọ́ra níyà? Ìjà yẹn ò tíì tán. Èmi wà lẹ́yìn Sípéènì: ẹ tọ́jú owó, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rí kóló.

Ní ti àwọn ọ́dítọ̀, wọ́n ń gbìyànjú, àmọ́ wọn ò lè bá ọ̀gá jà lórí ìdíwọ̀n tó bá ṣì wà nínú àyè òfin.

Alága ń fọwọ́ sí aago. Ẹ wo nǹkan méjì péré tí ìwé ìṣirò bá dé ọwọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ wá ìlà owó gbèsè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè tó wà kí wọ́n tó yọ ọ́, ọdún márùn-ún. Èkejì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ regulatory risk reserve sí. Nígbà tí iye tí òfin CBN ní kí wọ́n yọ bá ju èyí tí ìlànà àgbáyé fún wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àṣẹ́kù sí, wọn ò sì lè pín in fún yín. Tí ibẹ̀ bá ń wú, ojú CBN àti ojú ọ̀gá báńkì ò rí gbèsè yẹn bákan náà.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, Àlàájà kan tó jókòó níwájú pè mí. Á ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n ta tèmi?" Mo ní, "Àlàájà, n kì í bá èèyàn ta ọjà." Ó yọ ìwé ìṣirò báńkì kan nínú báàgì, epo pupa ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. A jọ ṣí i. Mo fi ìlà gbèsè hàn án, mo fi èrè tó wà ṣáájú rẹ̀ hàn án. Ó fi àtàǹpàkò bo ọdún kan, ó wo èkejì, ó ṣí i, ó tún bò ó.

"Ọdún tí wọ́n pa owó jù yìí," ó ní, "òun náà ni ọdún tí gbèsè wọn burú jù?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ìwé wí nìyẹn.

"Ọdún tí ọjà kú, kò sí gbèsè?"

Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, fáànù sì ń rọra dúró. Ó ti ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ pé kó sáré dé Òkè Àrín, kó bá òun mú ti àwọn ọdún tó ṣáájú wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.